Ọkọ̀ Pupa Bàbá Lọ́rì àti Ìbàdí Ìyá

Níbi fídáù Bàbá àgbà wa, Alfa tó ń wàásù sọ pé onísùúrù ni Bàbá, pé wọn kì í bá ènìyàn jà, pé wọ́n máa ń gbọ́ tẹnu ọmọdé, wọ́n á tún gbọ́ tẹnu àgbà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bóyá àdúrà olóògbé ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wa ṣe. Ìyá àgbà tí wọ́n jókòó tì mí fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní, "Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Alfa ò wọ ọkọ̀ wọn rí."

Òótọ́ ni Ìyá sọ. Ẹni tí kò bá wọ ọkọ̀ Bàbá rí kò mọ Bàbá. Rájí ni orúkọ àbísọ wọn, ṣùgbọ́n láti Ajah títí dé Àdó, Bàbá Lọ́rì ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, nítorí bọ̀lẹ́kájà, lọ́rì onípákó tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wà láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Òde kí wọ́n tó wá fìdí kalẹ̀ sí Ajah. Wọ́n ga, wọ́n gbẹ, wọ́n ní irùngbọ̀n funfun kan tí gírísì kì í jẹ́ kó funfun tán. Wọn kì í jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ká má tíì sọ ẹ̀yìn awakọ̀. Bí òkú bá kú ní Ẹ̀pẹ́, tí mọ̀lẹ́bí kan ní kí wọ́n wá wọ ọkọ̀ òun, wọ́n á ní àwọn ò lọ mọ́, kí wọ́n bá àwọn kí olóògbé. Ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé, "Èmi ni mo ń gbé ènìyàn. Ènìyàn kì í gbé mi."

Nínú bọ̀lẹ́kájà yẹn ni òfin ilé wa ti bẹ̀rẹ̀. Èrò kankan ò gbọdọ̀ sọ pé ọkọ̀ Bàbá ń ju òun. Ẹni tó bá ní ìdí ń dun òun, Bàbá á dúró, wọ́n á sọ ẹrù onítọ̀hún kalẹ̀, wọ́n á ní kó dúró de ọkọ̀ tí kì í jù. Ìyá sọ ọ́ fún wa títí ó fi há wa lórí bí Bàbá ṣe já àbúrò Ìyá sílẹ̀ láàárín igbó pẹ̀lú agbọ̀n ẹja gbígbẹ rẹ̀, nítorí pé ó ké yéè nígbà tí ọkọ̀ jìn sí kòtò. Àna gidi ni o. Nígbà tí àwọn ẹbí Ìyá wá fẹjọ́ sùn, Bàbá ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnì kan. Wọ́n ní, "Ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn."

Òfin náà bá wọn wọ ilé. Gbogbo wa, ọmọ àti ọmọ-ọmọ, bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí Bàbá wà, a gbọ́dọ̀ wí pé, "Ẹ ṣé o, awakọ̀. Ọ̀nà dára." Bí ojú ọ̀nà bá rí bí ebè iṣu, ọ̀nà dára. Bí o bá bì sára aṣọ ara rẹ, nu ẹnu rẹ, ọ̀nà dára. Ìyá náà ń sọ ọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ìyàwó tuntun, ó sì ti mọ́ wọn lẹ́nu débi pé bí a bá jí wọn lójú oorun, mo rò pé ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Ìwà kan tún wà tó máa ń jẹ́ kí n fẹ́ wọlẹ̀. Bàbá ò lè kọjá lára ọkọ̀ ẹlòmíì láì fọwọ́ kàn án. Bí àlejò bá wá kí wa, wọ́n á jáde lọ bá ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n á tẹ igun rẹ̀ kan mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ lójijì kí wọ́n lè wo bó ṣe ń fò. Ọkọ̀ tí ṣọ́kì rẹ̀ bá ṣì dára, á gbéra lẹ́ẹ̀kan, á sì dúró jẹ́ẹ́. Èyí tí ṣọ́kì rẹ̀ ti bàjẹ́ á máa jó lórí sípíríǹgì. Wọ́n ṣe é sí ọkọ̀ Lèmọ́mù wa lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, lójú gbogbo èrò. Wọ́n ṣe é sí ọkọ̀ ọkùnrin tó wá tọrọ mi fẹ́, kí wọ́n tó bi í léèrè orúkọ bàbá rẹ̀. Wọ́n padà wọlé, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n jókòó. "Ṣọ́kì rẹ ti kú, ọmọ mi, ìwọ ò sì tíì gbọ́."

Ọkùnrin náà ò padà wá mọ́, ká ṣáà sọ tibi tó kù.

Búròdá Múftáù, àkọ́bí wọn, iṣẹ́ inú ọkọ̀ òkun ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí ọ̀dà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ojú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ tó gba ìtòsí wa kọjá, àwọn ló gbé ọkọ̀ pupa kan wálé láti òkè òkun. Ọkọ̀ kékeré ni, ìdí rẹ̀ gé gbọngbọn, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ń ṣí sókè. Taya iwájú ló ń fà á, kì í ṣe ti ẹ̀yìn bíi ti lọ́rì. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lọ́hùn-ún fẹ́ràn eré sísá. Ó ti yọ sípíríǹgì tó bá a wá, ó fi èyí tó kúrú tó sì le rọ́pò rẹ̀, ó fi ṣọ́kì líle sí i, ó wọ taya fífẹ̀ fún un. Ọkọ̀ náà sún mọ́ ilẹ̀ débi pé adìyẹ ò lè gba abẹ́ rẹ̀. Búròdá ní kí Bàbá máa fi gbé Ìyá lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó padà sórí omi: "Bàbá, ẹ má tú nǹkan kan nínú ẹ̀."

Bàbá ti ń tú u kí Búròdá tó dé èbúté.

Ilé ìwòsàn yìí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ìyá ti ṣubú lẹ́bàá kànga, ìbàdí wọn sì ti yẹ̀. Dókítà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní ká máa gbé wọn wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n lè máa bá wọn na ẹsẹ̀, kí wọ́n máa tẹ̀ wọ́n lẹ́yìn. Ó ní bí a bá dá a dúró, ẹsẹ̀ náà á gan, Ìyá ò sì ní fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn mọ́. Èmi Mọ̀rí ni mo ń bá wọn lọ. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà yẹn, ọ̀gá wa sì máa ń fún mi láyè. Láti Ajah dé Ìsàlẹ̀ Èkó, ká gba Ìgbó-Ẹfọ̀n, ká gba Màrókó, ibì kan ọ̀dà, ibì kan yanrìn, ibi tó kù kòtò. Mo dá a lábàá pé ká wọ takisí tó ga díẹ̀. Bàbá ní, "Ọkùnrin míì ò ní gbé ìyàwó mi nígbà tí mi ò tíì kú."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kòtò ni Bàbá ń bá jà. Kọ́nà Àdó ni, níbi tí a ti ń yà kúrò ní títì lọ sílé wa. Kọ́nà náà há, yanrìn sì ń wà létí rẹ̀. Bí Bàbá bá ti sáré dé ibẹ̀, wọn ò sì mọ bí a ṣe ń dé ibẹ̀ láì sáré, wọ́n á yí sítíárìn, imú ọkọ̀ á sì máa lọ tààrà sọ́nà ibi tí wọ́n ti ń ta pákó. Lọ́rì ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn rí. Lọ́rì, ẹ̀yìn ló ń tì í, iwájú kàn ń yà ni. Èyí, taya iwájú ló ń fà, òun náà ló tún ń yà, iṣẹ́ méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀, bí eré bá sì pọ̀ jù, á pa ọ̀kan tì. Ẹni tó bá ní làákàyè á dín eré kù. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá wò mí tàánú-tàánú. "Ọkọ̀ ló ń kọ̀ sí mi lẹ́nu, o wá ní kí n bẹ̀ ẹ́?"

Yanrìn ni wọ́n kọ́kọ́ fi tọ́jú rẹ̀. Nínú lọ́rì, bí ọkọ̀ ò bá dọ́gba, ẹrù la fi ń tún un ṣe, ìdí nìyẹn tí Bàbá fi di yanrìn sí àpò, tí wọ́n kó o sí ẹ̀yìn ọkọ̀ pupa. Wọ́n ní imú ló wúwo jù, kí ìdí náà gba tirẹ̀. Wọ́n gbàgbé pé imú yẹn ló ń fà wá. Iwájú fúyẹ́ tán, taya ò rí ilẹ̀ dì mú mọ́. A dé Màrókó, taya ń yí, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan. Mo bọ́ bàtà, mo ká ìró sókè, èmi olùkọ́ àti àwọn apẹja tó ń kọjá ń ti ọkọ̀, Ìyá di ilẹ̀kùn mú nínú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká da yanrìn yìí nù." Wọ́n yọ orí jáde ní fèrèsé. "Èyí tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ bá wí. Tèmi ò ṣe nǹkan kan."

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá Mùdá. Mẹkáníìkì ni Mùdá, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ igi odán kan nítòsí mọ́ṣáláṣí Àdó. Ọwọ́ rẹ̀ dára, àìsàn rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò lè sọ pé rárá fún Bàbá. Bí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán, àwọn méjèèjì á ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ wọn nìkan ni ẹ máa rí, ariwo wọn ni ẹ máa gbọ́. Wọ́n tẹ orí taya iwájú sínú díẹ̀ kó lè di kọ́nà mú. Wọ́n fi kún atẹ́gùn taya ẹ̀yìn. Níkẹyìn, Bàbá gbé ọ̀pá irin kan tó nípọn wá láti ara lọ́rì àlòkù, Mùdá sì tẹ̀ ẹ́, ó jó o mọ́ abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, láti ìdí taya ọ̀tún dé ìdí ti òsì. Iṣẹ́ irin náà ni pé kó má jẹ́ kí ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú kọ́nà. Ẹ̀yìn tí kò bá lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ mọ́, òun náà á yọ̀ díẹ̀, á sì bá iwájú yà.

Ó ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ débi pé inú bí mi. Ọkọ̀ náà wọ kọ́nà Àdó láì ráhùn, imú rẹ̀ gba ibi tí Bàbá darí rẹ̀ sí gan-an. Mùdá ń pàtẹ́wọ́. "Bàbá, ó ti sẹ́tì. Wàláhì, kò sí mọ́tò tó lè bá yín gba kọ́nà yìí, no wàhálà mọ́." Bàbá rẹ́rìn-ín, èyí tí kì í ṣẹlẹ̀. Wọ́n padà lọ gba kọ́nà náà, wọ́n tún padà, títí ìyá tó ń dín àkàrà níbẹ̀ fi kó agbada rẹ̀ sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n irin tó bá so taya ọ̀tún mọ́ ti òsì, bí ọ̀kan bá jìn sí kòtò, á fa èkejì. Ẹ̀yìn ni Ìyá sì ń jókòó, nítorí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè na ẹsẹ̀. Gbogbo kòtò láti Ajah dé Ìsàlẹ̀ Èkó, ìbàdí wọn ló ń gbà á. Wọ́n á di etí ìjókòó mú, wọ́n á pa ojú dé, òógùn á bo iwájú orí wọn. Bí a bá dé, Bàbá á yíjú sẹ́yìn sí Ìyá bí oníṣẹ́ tó fẹ́ gbọ́ ìyìn. "Sínótù, báwo ni?"

"Ọ̀nà dára, Bàbá Múftáù."

Wọ́n á wá wò mí. "Ṣé o gbọ́?"

Èmi ni mo ń fi àdí ra ẹ̀yìn Ìyá bí a bá délé, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kérora. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ òótọ́ fún ọkọ wọn. Wọ́n ní, "Mo rí ibi tí wọ́n já àbúrò mi sí." Mo lọ sọ ọ́ fúnra mi. Bàbá ń fi àkísà nu sítíárìn, wọn ò wo ojú mi. "Ẹni tó ni ìbàdí ti sọ̀rọ̀. Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rú òfin ní Ọjọ́bọ̀ kan tí a ń padà bọ̀. Kòtò kan gbé wa sókè, mo gbọ́ tí eyín Ìyá kan ara wọn, ẹnu mi là. Mo ní, "Bàbá, ọ̀nà ò dára. Ọkọ̀ yìí ń pa Ìyá lára." Wọ́n dúró. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n yí wá sí ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún mi bí ẹni ṣí i fún gómìnà. Olùkọ́ tí òbí ń kúnlẹ̀ kí, Bàbá àgbà mi já mi sílẹ̀ sínú òòrùn nítòsí Oníru. Ọkọ̀ ẹlẹ́ja ló gbé mi délé. Mo bá wọn nídìí ẹ̀bà. Wọ́n gbóòórùn mi, wọ́n mi orí. "Ẹni tó gbé ọ wá ńkọ́, ṣé o dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, Ìyá ò múra. Wọ́n wà lórí ẹní wọn, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Kí ló dé?"

"Ó rẹ̀ mí."

"Ṣé ọkọ̀ ni?"

"Ọ̀nà dára, Bàbá Múftáù."

"Dókítà ní ẹsẹ̀ á gan."

"Kó gan," ni Ìyá wí, wọ́n sì yíjú sí ògiri.

Ẹ̀rù ba Bàbá. Mi ò rí i kí ẹ̀rù bà wọ́n rí. Wọ́n jáde lọ sídìí ọkọ̀, wọ́n ń tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi í sílẹ̀, wọ́n tún ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni pé ọkọ̀ náà máa sọ ohun tó ń ṣe ìyàwó wọn. Ìbínú gbé mi débi tí mo gbàgbé pé àgbà ni wọ́n. Mo na ọwọ́. "Bàbá, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ẹ lọ jókòó síbi tí Ìyá ń jókòó."

Àwọn ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, pẹ̀lú èébú tó pọ̀ ju ẹ̀kọ́ lọ, nítorí náà wọn ò lè sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n wà. Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí. Wọ́n wo fèrèsé yàrá Ìyá. Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n ká gbogbo gíga wọn wọ ẹ̀yìn, wọ́n jókòó sórí tìmùtìmù Ìyá.

Mo wà á bí àwọn gan-an ṣe ń wà á, mi ò fi kún un, mi ò sì yọ kúrò níbẹ̀. Ní kòtò àkọ́kọ́, orí wọn kan òrùlé, fìlà wọn já bọ́. Nígbà tí a fi máa dé Ìgbó-Ẹfọ̀n, mo rí wọn nínú dígí, ọwọ́ kan lára ìjókòó, ọwọ́ kejì ní ìbàdí. Àánú ṣe mí. Mo ní, "Ṣé kí n yí padà?" Wọ́n ní, "Ṣé ibí ni ilé ìwòsàn?" Mo gbé wọn dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn, mo sì gbé wọn padà.

Nígbà tí a délé, ó pẹ́ kí wọ́n tó lè na ẹ̀yìn wọn. Mo ń retí gbólóhùn tí gbogbo wa ń sọ. Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n gba iwájú mi kọjá lọ sí yàrá Ìyá, mo tẹ̀ lé wọn, mo rò pé wọ́n máa tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀kan láyé wọn.

Wọ́n ní, "Sínótù, òpùrọ́ ni ọ́. Láti ìgbà wo ni o ti ń parọ́ fún mi?"

Ìyá yíjú kúrò lára ògiri. "Láti inú bọ̀lẹ́kájà."

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti wà lọ́dọ̀ Mùdá pé kó gé irin náà kúrò. Mùdá fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Bàbá, iṣẹ́ tó dáa jù tí mo ṣe láyé mi rè é o. Kọ́nà wá ńkọ́?" Bàbá ní, "Ta ló ń gbé inú kọ́nà?" Wọ́n gé e. Wọ́n wá sípíríǹgì gígùn tó dẹ̀ láti ara takisí àlòkù, wọ́n wá ṣọ́kì tó rọ̀, wọ́n yọ taya fífẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ti ṣe díẹ̀, Bàbá á tún wọ ẹ̀yìn, èmi á gbé wọn dé Ìgbó-Ẹfọ̀n, wọ́n á ní kò tíì tó. Wọ́n gba ọjọ́ ìsinmi mi tán. Ẹ ò lè gbàgbọ́ bí awakọ̀ yẹn ṣe ń bú awakọ̀ láti ẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ọkọ̀ náà ga, kò lẹ́wà mọ́, bó bá sì dé kọ́nà Àdó, á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, imú rẹ̀ á tún máa lọ sọ́nà ibi pákó. Bàbá Lọ́rì ò rí ọgbọ́n míì dá ju kí wọ́n dín eré kù. Àwọn ọmọ kékeré tó ń wa ọkọ̀ akérò á máa fọn fèrè sí wọn lẹ́yìn, "Bàbá, ẹ kúrò lọ́nà jàre." Búròdá Múftáù tòkun dé, wọ́n káwọ́ lérí. Wọ́n ní, "Bàbá, ta ló ba mọ́tò mi jẹ́?" Bàbá ní, "Ìyá rẹ ló tún un ṣe."

Ìyá sì wá rí ẹnu sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí wọn ò sọ láti ìgbà bọ̀lẹ́kájà, wọ́n kó o jáde láàárín Ajah àti Màrókó: bíréèkì yìí le jù, ẹ rọra, kòtò rèé níwájú, ṣé ẹ ò rí i ni? Bàbá á mí kanlẹ̀, wọ́n á rọra, wọ́n á wá fi ojú bá mi wí bí ẹni pé èmi ni mo fà á. Títí di òní, Ìyá ń fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ sọ́jà, ẹnu wọn ò sì tíì dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀ kan, Ìyá ráhùn dé Ìgbó-Ẹfọ̀n, ohùn wọn sì dá. Bàbá wo dígí, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní, "Mọ̀rí, wo ìyá rẹ." Mo yíjú. Ìyá gbé orí ti fèrèsé, ẹnu wọn là sílẹ̀, wọ́n ń hanrun. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣubú, wọn ò tíì sùn báyẹn. Bàbá tún dín eré kù, bẹ́ẹ̀ kò sí eré kankan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

A dé ilé ìwòsàn, Bàbá páàkì sẹ́nu géètì gan-an, níbi tí ibòji wà. Mo ní kí n jí Ìyá, kí àwọn nọ́ọ̀sì má bàa pe orúkọ wọn kọjá, ká wá padà sílé lásán. Bàbá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀kùn kó má bàa dún. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ti ń bọ̀, ó ń pariwo láti òkèèrè pé ta ló ní kí wọ́n gbé mọ́tò síbẹ̀, ẹ gbé e kúrò kíá, ẹ gbé e kúrò. Mo mọ irú èsì tí Bàbá ní fún irú wọn, mo ti ń wá ibi tí mo máa fojú pamọ́ sí. Bàbá lọ pàdé rẹ̀, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n sọ ohùn wọn kalẹ̀ débi tí mi ò fi kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn ló ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ rọra. Ìyàwó mi ń sùn."